Èmi ni ìyá náà bú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ máa ń ṣe jẹ́jẹ́ tó bá ń sọ èdè Ṣáínà; “āyí” (aunty) àti “shūshu” (uncle) ló ń pe àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá bá a wí ní Gẹ̀ẹ́sì, “Whatever” ni yóò fi dá mi lóhùn. Ṣé kí n má sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i mọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ní tèmi o, èdè Ṣáínà gan-an ni ọmọ fi kó ìtìjú bá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, a ń gbé nítòsí àdúgbò Xiaobei ní Guangzhou, ní Ṣáínà níbí. Ìyá àgbà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, ó bi í pé “Chī le ma?”, ṣé ó ti jẹun. Ẹ mọ̀ pé ìkíni lásán nìyẹn. Ọmọ mi ní “Guān nǐ shénme shì?” Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀! Ìyá náà ò tiẹ̀ wo ọmọ. Èmi ló wò, ó ní “méi jiājiào”. Ẹ̀kọ́ ilé ni “jiājiào”. Àbíìkọ́ ló pe ọmọ mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn. Nígbà tí a wọlé, ọmọ sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé èmi ni wọ́n bú, kì í ṣe òun. Òótọ́ ló sọ.

Mi ò mú un lọ tọrọ àforíjì. Mo ní oníbàárà ń dúró dè mí lọ́jà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a kó kúrò níbẹ̀. Mo ṣì máa ń rí ojú ìyá yẹn.

Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. “You” ni bàbá, “you” ni ọmọ, kò sí “ẹ” tí ẹ máa fi mú un. Inú ohùn ni ìwọ̀sí wọn ń gbé. “Nín” táwọn ará Beijing ń lò jọ “ẹ” wa, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lò ó ní gúúsù níbí. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ pe àgbà bó ṣe yẹ, kó tó sọ̀rọ̀. Ti “Whatever” yẹn, mi ò tíì rí oògùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi fi Yorùbá tọ́ ọ. Owó iléèwé pọ̀, a sì fẹ́ kó tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 14 báyìí. Tí màmá mi bá pè wá lórí WeChat, “Ẹ káàárọ̀ mà” ló máa sọ, ì báà jẹ́ alẹ́, á sì gbé fóònù fún mi. Màmá mi kì í wí nǹkan kan.