Má ra àkáǹtì ẹnikẹ́ni: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ EVE Online

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ EVE Online, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ inú òfuurufú ṣòwò tí wọ́n sì ń fi jagun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti 2003 ti lọ jìnnà, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè bá wọn mọ́. Ẹnì kan fẹ́ ta àkáǹtì tó ti gbó fún mi ní ₦60,000, ọkọ̀ ogun ńlá wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n rà á? Network wa ní Ìsánlú kò sì yá. Irú kọ̀ǹpútà wo ló lè gbé e?

Ìdáhùn: Àbúrò, òkun o. Má rà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé lóṣù yìí tí wọ́n máa bi mí léyìí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí, àwọn tó ń ta àkáǹtì ni.

Ti kọ̀ǹpútà, gbé èyí tó o ní wá kí n wò ó. N kì í sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí n kò tíì tú. Ti network, server wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń gba àṣẹ, torí náà network tó kàn falẹ̀ díẹ̀ kò ní pa ọ́. Èyí tó ń já pátápátá ni kó o bẹ̀rù. Aago 12 ọ̀sán tiwa ni wọ́n sì ń tì í lójoojúmọ́ fún àtúnṣe. Má wá pè mí pé ó ti bàjẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ará 2003. Lóòótọ́, May 2003 ni CCP, iléeṣẹ́ kan ní Iceland, gbé géèmù náà jáde. Lóòótọ́ náà, aago gidi ni skill, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀dá rẹ ń kọ́, fi ń dàgbà. Wọ́n lè mú iná lọ láti àárọ̀ dalẹ́, o lè lọ sóko, ẹ̀kọ́ ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì ọ́ lọ́nà ni pé wọ́n ní bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni agbára ń gorí agbára. Irọ́ ni. Ìpele márùn-ún péré ni skill kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 kò lè dé ìkẹfà, torí kò sí ìkẹfà.

Mú skill tó rọrùn jù. Kó o tó parí ìpele kìíní, 250 point. Títí dé ìkẹta, 8,000. Títí dé ìkẹrin, 45,255. Títí dé ìkarùn-ún, 256,000! Ẹni tó dúró sí ìkẹrin kò tíì ṣe ìdá kan nínú márùn-ún wàhálà ẹni tó parí ẹ̀, èrè mẹ́rin nínú márùn-ún sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà yẹn sì rèé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jókòó sínú frigate, ọkọ̀ kékeré bíi tìẹ, gbogbo ohun tó kọ́ nípa ọkọ̀ ńlá wà nílé ni. Àádọ́ta aṣọ lè wà nínú àpótí bàbá àgbà, kì í wọ gbogbo ẹ̀ jáde.

Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń fa ojú rẹ mọ́ra náà ńkọ́? Èyí tó bá ti fọ́ ti fọ́ nìyẹn. Ní January 2014, wọ́n jà ní B-R5RB, agbègbè kan nínú géèmù náà, torí owó ibùdó tí ẹgbẹ́ kan kò san lásìkò. Titan tó lé ní 70, ọkọ̀ tó tóbi jù nínú géèmù náà, ló run. Àwọn tó ni wọ́n kì í ṣe ọmọ àná o.

Ọmọkùnrin kan tó ra irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ gbé laptop wá bá mi. Ó tẹ password lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka lẹ́tà náà sókè bí ẹni ń ka iye yaǹgàn. Kò ṣí. Ẹni tó tà á fún un ti fi email àkọ́kọ́ gbà á padà. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? CCP fúnra wọn kò gbà kéèyàn ta àkáǹtì, wọ́n lè tì í pa. Òṣìṣẹ́ wọn kọ́ ni mí o, òfin sì lè yí padà. Kà á fúnra rẹ kó o tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Láti November 2016 ni wọ́n ti ń pe ìyẹn ní Alpha. Ìlàjì eré ẹni tó ń sanwó ni skill rẹ yóò máa sá, yóò dúró ní mílíọ̀nù 5 point, ẹ̀kọ́ wákàtí 24 péré lo sì lè tò sílẹ̀, torí náà wọlé lójoojúmọ́ tí iná bá wà. Ṣe iṣẹ́ àwọn career agent, àwọn tó ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́ nínú géèmù náà, tán. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ààbò tiẹ̀: láti 0.5 sókè, ọlọ́pàá wọn, CONCORD, máa ń pa ẹni tó bá pa ọ́, àmọ́ wọn kì í gbà ọ́ là. Olè tí ẹrù rẹ níye lórí ju ọkọ̀ tiẹ̀ lọ kò bìkítà. Tó o bá sì dé Jita, ọjà ńlá wọn, tẹ́nì kan ní kó o fi owó ránṣẹ́ kóun sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, rántí MMM ti 2016. CCP kò ní dá a padà fún ọ, wọ́n gba irú jìbìtì yẹn láàyè nínú géèmù.

Tó o bá ń bọ̀ ní Kabba, mú charger rẹ dání. Tèmi kì í bá ti gbogbo èèyàn mu.