Sí àǹtí olóúnjẹ ẹnu gẹ́ètì: bí ẹ ó ṣe máa ka kásúà kí ọjà tó le

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa ní Sagamu. Ẹ ní kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, tó ń jáde ní gẹ́ètì ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń ta oúnjẹ sí ti dínkù láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan fẹ́ le, kí ẹ tó gba owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra firísà, kí ẹ sì mú ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ má tíì gba owó náà. Kì í ṣe nítorí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn o. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì sọ nǹkan kan.

Kásúà ni ọ̀gá ń kọ́kọ́ pè tí ọjà bá ń yá. Òun náà ni ọ̀gá ń kọ́kọ́ dá dúró tí ọjà ò bá yá mọ́, nítorí dídá a dúró kò ná ọ̀gá ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí iye wọn fi ń yí kí ti àwọn tó kù tó yí. Ní Amẹ́ríkà, oṣooṣù ni ìjọba ń ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. Iye wọn ti ń já láti ọdún 2000, ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé sì dé ní oṣù Kẹta 2001. Ní ìparí 2009 iye náà ti ń gòkè, nígbà tí iṣẹ́ lápapọ̀ ṣì ń dínkù títí di oṣù Kejì 2010. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ orí rédíò máa ń bá ọ̀rọ̀ dé, wọ́n á sì dákẹ́. Ó máa ń dùn mí. Wọn kì í sọ fún yín pé láti 2022 ni iye yẹn tún ti ń já lọ́hùn-ún, tí 2023 àti 2024 sì parí láìsí ìfàsẹ́yìn kankan tí wọ́n kéde. Àmì tó lè tanni jẹ ni, ẹ má fi òun nìkan ná owó.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye aláìníṣẹ́ rú yín lójú. Àjọ ìṣirò NBS kéde ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìparí 2020, wọ́n tún kéde 5.3 fún ìparí 2022. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà ló yí padà: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti níṣẹ́ lójú wọn. Kásúà tí wọ́n pè lọ́jọ́ Ẹtì nìkan wà nínú àwọn tó níṣẹ́. Báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ ran ẹni tó ń se ìrẹsì lọ́wọ́?

Ojú yín lẹ máa fi kà. Ẹ fa ìlà sínú ìwé: ọjọ́, iye tó wọlé láàárọ̀, iye tó wọlé lálẹ́, iye tí wọ́n dá padà, aago tí wọ́n jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ máa kà, nítorí ọjọ́ Ajé àti Ẹtì máa ń ṣe ségesège. Èyí tí wọ́n dá padà yẹn, ẹ má fo ó. Sùpáfáísọ̀ á na ìka, "ìwọ, ìwọ, ìwọ," àwọn tó kù á gbé kúlà oúnjẹ wọn padà sí ojú títì. Tí àwọn tó wọlé ò bá yí padà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí wọ́n dá padà di ìlọ́po méjì, ibòmíràn ni wọ́n ti lé wọn, wọ́n sì ń bọ̀ wá bá tiyín.

Ẹ tún mọ bó ṣe ń tò léra. Ófátáìmù ló ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ alẹ́. Lẹ́yìn náà àdéhùn oṣù mẹ́ta á di oṣù kan. Iye èèyàn ló ń tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ka orí èèyàn nìkan ti pẹ́. Aago tí wọ́n jáde ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì yín wàyí: Òfin Iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí àdéhùn wọn ṣe rí kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àwọn ọ̀gá kan á dá kásúà dúró kí ó tó pé, wọ́n á pè wọ́n padà bí ẹni tuntun. Iye á já, á tún gòkè, ọrọ̀ ajé ò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ bi àwọn ọmọ náà ìgbà tí wọ́n wọlé.

Ẹ ro iye kásúà oṣù mẹ́ta pọ̀. Ká ní 140, 128 àti 116 ni: ó jẹ́ 384, ẹ pín in sí mẹ́ta, 128. Tó bá jẹ́ 150 ni irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ti dínkù tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì wúwo. Ṣùgbọ́n Iléyá kì í dúró sójú kan. Ojúde Ọba, àjọ̀dún tó ń tẹ̀ lé Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ní 2023, ọjọ́ 18 ní 2024, ọjọ́ 8 ní 2025. Òtẹ́ẹ̀lì, télọ̀ àti olóúnjẹ á kó àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ, gẹ́ètì yín á sì dá. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ Iléyá, kì í ṣe oṣù sí oṣù.

Ẹ tún máa wo àwọn tírélà tó ń gbẹ́rù jáde ní gẹ́ètì. Bí kásúà bá dínkù tí tírélà ṣì ń gbẹ́rù jáde bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n gbé wọlé, tàbí wọ́n ti sọ àwọn kan di òṣìṣẹ́ gidi. Bí tírélà pẹ̀lú bá dínkù, ọjà ni kò lọ. Kí kásúà pọ̀ sí i náà kì í ṣe ayọ̀ nígbà gbogbo: ọ̀gá tó bá ń lé òṣìṣẹ́ àgbà, tó ń fi kọ́ńtíráàkì dípò wọn, ara rẹ̀ ò yá.

Ní ti firísà, ẹ kà fún oṣù mẹ́ta ná. Ṣọ́ọ̀bù kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí owó ọdún kan lẹ máa san nígbà tí oníbàárà yín ń gba àdéhùn oṣù kan. Ẹ sì dín àwìn kù láti ìsinsìnyí. Ẹni tí wọ́n dá dúró lọ́jọ́ Ẹtì ò ní wá san gbèsè lọ́jọ́ Ajé.