Sinmi dáadáa, àbúrò mi, ṣùgbọ́n má jìnnà sí àwọn akọrin

Àbúrò mi, mo ti ka ohun tí o kọ. O ti parí másítà nínú iṣẹ́ orin, o ti padà sílé ní Ṣágámù, oorun lò ń sùn, bọ́ọ̀lù lò ń wò, o kò sì tíì fọwọ́ kan dùùrù láti ìgbà tí o ti dé. Ẹ̀rù wá ń bà ọ́ pé bóyá orin ti gbẹ nínú rẹ. O tún ń béèrè bóyá ẹni tó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin lè rọ́wọ́ mú nílẹ̀ wa yìí.

Sinmi. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí èmi náà parí tèmi tí mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi jókòó ti màmá mi lọ́jà Òkè-Ajé, tí mò ń bá wọn ta gàrí. Àwọn èèyàn a máa bi wọ́n pé ṣé ìwé tí ọmọ yín lọ kà nìyí. Ó máa ń dùn wọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọ orin fún máàkì láti ọjọ́ pípẹ́, ohùn olùkọ́ ni yóò máa gbọ́ létí kó tó gbọ́ tirẹ̀. Ìsinmi ló ń lé ohùn yẹn lọ, kì í sì í yára lọ. N kò bá a jà. Nígbà tí orin máa padà wá, ẹnu àwọn tó ń polówó ọjà ló gbà wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò gàrí.

Ti àṣeyọrí ló gba àlàyé. Èrò mi ni pé orin akọrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹnu kọ, ìwé lásán ni. Àwọn tó máa kọ ọ́ wà nítòsí rẹ níbẹ̀ yẹn. Ìlú wo ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú ni kò ní ìjọ tí akọrin rẹ̀ ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ nóòtì orí ìlà márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ sọ́fà, ìyẹn orin tí a fi do re mi kọ sílẹ̀, ju ọ̀pọ̀ àwa tó lọ sí yunifásítì lọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ. Mo gbé orin kan lọ fún ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò wa, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni “Ẹ wá bá wa yọ̀”. Mo ti jẹ́ kí ohùn náà já wálẹ̀ lórí “bá”, nítorí ó bá dùùrù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo ìwé. Àwọn ìyá tó ń kọ àlùtò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ka sọ́fà náà bó ṣe wà, kò sí wàhálà. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i báyìí, ẹnu wọn gbé “bá” padà sókè: re mi mi re do. Ọ̀gá akọrin dá wọn dúró, wọ́n tún un kọ, wọ́n tún gbé e sókè. Mo mú pẹ́ńsù, mo sì kọ ohun tí ẹnu wọn wí. Èyí ni Ẹkúndayọ̀ Phillips ń tẹnu mọ́ nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀ fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n Phillips kò kọ ọ́ látinú ìwé. Láti 1914 títí di 1962 ló fi ń tẹ dùùrù tó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Màrínà l’Ékòó. Akọrin kan náà ni, nǹkan bí ọdún 48.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ oṣù bú ọ. Ayọ̀ Bánkọ́lé tó jẹ́ akọ̀wé orin bíi tiwa, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà lókè òkun, iṣẹ́ rédíò ló kọ́kọ́ ṣe nígbà tó padà sílé kó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ogunde tiwa, ọmọ Ọ̀ṣọsà, ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ aládùúrà kan ní 1944.

Owó ńkọ́? Ìjẹ̀bú kì í fi ìnáwó ṣeré, ẹni tó bá mọ dùùrù tẹ̀ níbi òkú àti ìgbéyàwó kò ní sùn lébi. Kíkọ́ ọmọdé ní dùùrù náà dára. Orin tí wọ́n bá ní kí o kọ ni kí o ṣọ́ dáadáa. Ìjọ kan ní kí n kọ orin fún àjọ̀dún àwọn. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi, owó kò jáde títí dòní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo gbọ́ orin náà ní ìlú mìíràn, ẹ̀dà tí wọ́n ń lò kò ní orúkọ mi mọ́. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, mo ń gba ìdajì owó kí n tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ mi àti ọdún sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé. Haruna Ishola, olórin àpàlà tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mọ̀ pé ó yẹ kí olórin di iṣẹ́ rẹ̀ mú. Òun àti I.K. Dairo, olórin jùjú, ló dá ilé iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀ ní 1969.

Tí ara rẹ bá ti balẹ̀, lọ bá ọ̀gá akọrin ìjọ tó sún mọ́ ọ jù. Bi í ní ọjọ́ ìkórè wọn àti iye tẹ́nọ̀, àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn òkè, tó ń wá déédéé. Tó bá jẹ́ méjì ni, má pín ohùn tẹ́nọ̀ sí méjì. Orin ojú ìwé méjì ti tó. Kọ ọ́ ní sọ́fà, kí o sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́.