Orúnkún Rẹ Kò Jẹ Ilẹ̀ Ní Gbèsè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Abẹ́òkúta kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Odidi ọdún 15 ni mi ò fi gun nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá mo ra alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 600cc, mo sì ti lọ ọjọ́ pápá kan, tí èèyàn ń sanwó gun alùpùpù tirẹ̀ lórí pápá eré, ní Brands Hatch. Tí a bá fì wọ kọ́nà, orúnkún gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ń ha ilẹ̀, tèmi ò kan nǹkan kan. Ẹnìkan ní kí n dín atẹ́gùn táyà mi kù sí 20 psi, kí n sì ra táyà àwọn tó ń díje. Èwo ni kí n rà, kí ni kí n sì ṣe tí orúnkún mi á fi kanlẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, má ra táyà kankan. Tí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù rẹ kò bá tíì gbó, tí kò sì sán, agbára rẹ̀ ju ohun tí o lè lò tán lọ́dún yìí lọ. Ní ti 20 yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ní iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún pápá. Òun ni kí o wò, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́. Wò ó dáadáa bóyá iye ìgbà tí táyà tutù ni wọ́n kọ tàbí ti ìgbà tó gbóná, torí bí táyà ṣe ń gbóná ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń le sí i. Mi ò rí alùpùpù rẹ, mi ò ní jókòó síbí kí n máa dá iye fún ọ.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ni mo fẹ́ bá ẹ jà lé lórí, torí ó ti sú mi. Kò sí oṣù tí wọn kì í bi mí. Ta ló sọ fún yín pé orúnkún tó ń ha ilẹ̀ ni àmì ẹni tó mọ alùpùpù gùn? Mike Hailwood, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi alùpùpù díje, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 9, orúnkún rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ táńkì epo bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó kúrò nídìí TT, eré alùpùpù ti erékùṣù Isle of Man, lẹ́yìn 1967, ó padà síbẹ̀ ní 1978, ó sì gbégbá orókè lórí alùpùpù Ducati. Ọdún 11 ló fi sinmi níbẹ̀, ẹni tó padà bọ̀ bíi tìẹ náà ni. (Mi ò ní kí o lọ sí Isle of Man o! Títì tó gba àárín ilé àti ògiri ni wọ́n ń sá eré yẹn lórí.) Lóòótọ́, nígbà tí Kenny Roberts, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife àgbáyé alùpùpù 500cc ní 1978, 1979 àti 1980, ayé rí ẹni tó ń gbé orúnkún kalẹ̀, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ó nídìí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìdí yẹn gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ̀.

Gbọ́ bó ṣe rí. Eré tí o bá wá, àti bí kọ́nà ṣe ká tó, ni wọ́n ń pinnu bí o ṣe máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó. Ká sọ pé kọ́nà kan wà tó jẹ́ pé, tí a bá yí i po di òbírípo, mítà 75 ni láti àárín dé etí. Bí o bá ń sá máìlì 50 ní wákàtí nígbà tí o wọ̀ ọ́, ìwọ àti alùpùpù rẹ lápapọ̀ máa fì tó nǹkan bíi digírí 34. Sọ eré di máìlì 60, ó di nǹkan bíi 44. Gbèsè ni digírí yẹn, kò ṣeé bẹ̀, ẹni méjì ló sì máa san án: ara rẹ àti alùpùpù. Tí o bá sún ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, tí o gbé orí àti èjìká lọ sí apá inú kọ́nà, ara rẹ ti san nínú rẹ̀ nìyẹn. Alùpùpù á dúró gbọọrọ díẹ̀ sí i, ibi tó gbòòrò lára táyà á sì wà nílẹ̀. Torí pé ara ti lọ sínú ni orúnkún fi yọ síta. Ike tó wà lórí orúnkún aṣọ awọ yẹn kàn ń sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó ni.

Kí wá ni ẹ̀yin ń ṣe? Ẹ na orúnkún síta, orí àti èjìká wà lápá kejì, bí ẹni tí ilẹ̀ ń rùn sí. Alùpùpù nìkan ló wá ń san gbogbo gbèsè, ó tún ń san tiyín mọ́ ọn. Mo wà lẹ́yìn ẹnìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀: irin ìgbẹ́sẹ̀lé gún ilẹ̀, ó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, òun àti alùpùpù sì ń yọ̀ lọ sínú koríko. Èjìká ló fi ṣe. Eré tó ń sá nígbà yẹn kò tó nǹkan, èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì fì tó bẹ́ẹ̀.

Orí ọ̀kadà ni ìwọ ti kó àṣà tìrẹ. Láàárín dánfó méjì, èèyàn á jókòó gbọọrọ, á máa ti ọ̀kadà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ ara rẹ̀. Ó dáa níbẹ̀, torí eré kò sí. Lórí pápá, òdìkejì rẹ̀ ni. Ohun kejì tí o gbé wá láti ilé ni ìbẹ̀rù bíréèkì ọwọ́. Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé á gbé èèyàn lulẹ̀, a sì ń tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ ṣáá. Bíréèkì ọwọ́ yẹn ni ti iwájú, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lórí alùpùpù rẹ yìí. Má kàn já a gbà. Fún un díẹ̀díẹ̀, kí ìwúwo kọ́kọ́ dé orí táyà iwájú, lẹ́yìn náà kí o fún un gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń fi ọ́ sílẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ lè búra.

Ní Brands, kọ́nà Paddock Hill Bend ló ń dẹ́rù ba àlejò, torí ọ̀tún ló ká sí, ó sì ń já wálẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ sá mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ojú ni kí o kọ́kọ́ rán lọ síwájú, má wo táyà. Kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ jù lórí pápá kékeré ibẹ̀. Kọ́nà Graham Hill àti ti Surtees nìkan ló ká sí òsì, nítorí náà apá òsì táyà rẹ máa ń tutù. Tí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ oṣù kẹrin, fara balẹ̀ níbi méjèèjì yẹn. Ẹ tún jẹ́ kí a dẹ́kun fífi alùpùpù rìn bí ọ̀mùtí pé a ń mú táyà gbóná. Bíréèkì fífún àti fífi epo sá eré ló ń mú un gbóná.

Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fi abánigbófò dá ọ lójú bóyá wọ́n máa sanwó tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá; ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń gun títì kò kan ibẹ̀. Tí o bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó lọ. Ìwé tí wọ́n máa ní kí o fọwọ́ sí láàárọ̀ ń sọ pé ìwọ lo mọ ohun tí o ń ṣe, kà á.

Wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, má tijú. Sọ fún olùkọ́ kan pé kó tẹ̀ lé ọ fún ogún ìṣẹ́jú kan, kó wo orí rẹ àti ọwọ́ bíréèkì rẹ nìkan. Tó bá ti rẹ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, di ẹrù rẹ, kódà bí ìgbà kan bá kù tí o ti sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, sọ ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bíréèkì kí o tó dé Druids, kọ́nà tó tẹ̀ lé Paddock Hill. Fọ́tò orúnkún, má fi ránṣẹ́.