Mọ́tò jóná lẹ́yìn àtúnṣe: ta ni yóò san owó rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá lọ́yà. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Corolla tòkunbọ̀ ti ọdún 2008 ni mò ń wà. Ó ń jẹ́ẹ̀kì tó bá ti fẹ́ sáré, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ti ń bá mi tún un ṣe tipẹ́. Ó ní nọ́sù, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló dọ̀tí. Ó tú wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó sì dá wọn padà. Lọ́jọ́ kẹta mo ń gbọ́ òórùn epo. Mo pè é, ó ní kò sí wàhálà, pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Mile 12, àfi gbòlà, iná! Mọ́tò jó tán, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò farapa. Mẹkáníìkì ní kì í ṣe òun, pé wáyà tí rẹwáyà kan fi so alámù mọ́ ọn lọ́dún tó kọjá ló gbiná. Ìnṣọ́ránsì third party nìkan ni mo ní. Àwọn kan ti wá pé àwọn fẹ́ ra eegun mọ́tò náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n lọ fi ọlọ́pàá gbé mẹkáníìkì. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu iná, ẹ sì kú àdánù. Èyí tí kò gba sùúrù ni màá kọ́kọ́ dáhùn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta eegun mọ́tò yẹn. Owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ḿù bá kó fún yín lè gba ẹjọ́ yín lọ pátápátá. Ẹ wọ́ ọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í yọ nǹkan lára rẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó kí òjò má baà fọ èérú rẹ̀ lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bóòtù kan níbẹ̀. Mẹkáníìkì náà wà lára ẹni tí mò ń wí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ eegun yìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹjọ́ ti parí níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò bá ti jó lẹ́yìn tí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Adájọ́ ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Evidence Act ti ọdún 2011, ní abala 131, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́ọ̀tù dá òun láre lórí ọ̀rọ̀ kan ni yóò mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹ̀yin lẹ ó fi hàn pé ibi tí ọwọ́ mẹkáníìkì dé gan-an ni iná ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tó ṣe níbẹ̀, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, ló fà á. Kò ní láti dájú bíi ti ẹjọ́ ìpànìyàn o. Tí ẹ̀rí yín bá ti tẹ̀wọ̀n ju tirẹ̀ lọ, ó ti tó. Ká ní inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mọ́tò ti jó, nígbà tó ṣì wà níkàáwọ́ rẹ̀, òun ni ì bá máa ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti wà á fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹrù ẹ̀rí ti wá sórí yín.

Ẹ wá ẹnjiníà ọkọ̀ tó mọ iṣẹ́, tí kò bá ẹ̀yin tàbí mẹkáníìkì tan, kó wá wo eegun náà kó sì kọ ìròyìn sílẹ̀. Abala 68 òfin yẹn kan náà fàyè gba èrò irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ẹ kọ̀wé sí mẹkáníìkì pé kó wá, tàbí kó rán ẹnjiníà tirẹ̀ wá, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá kọ̀ tí kò wá, kò ní rí ẹnu wí lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ ti fọwọ́ ba nǹkan jẹ́.

Kí ni ẹnjiníà fẹ́ rí? Nọ́sù mẹ́rin ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yín, agbára tí epo fi ń wọnú wọn sì ju ti afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà yín lọ. Òrùka róbà kékeré kan ló ń dí ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tú nọ́sù, ó yẹ kó pààrọ̀ òrùka yẹn, torí èyí tó ti gbó máa ń gan, á sì la. Wọ́n sábà máa ń dá ti tẹ́lẹ̀ padà síbẹ̀. Epo á máa fín jáde díẹ̀díẹ̀, oru rẹ̀ á tàn kálẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìgbà tó bá kan ibi tí iná mànàmáná ti ń ta pàrà, ó parí. Òótọ́ ni pé róbà á ti jó lúúlúú. Ṣùgbọ́n bóòtù tó de páìpù epo mọ́ ẹ́ńjìnnì kì í jó, kílíìpù irin tó mú hóòsì kì í jó. Tí ẹnjiníà bá bá ihò bóòtù kan tó ṣófo, tàbí kílíìpù tí kò sí níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

Ẹ má kàn fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wáyà tí mẹkáníìkì sọ sẹ́yìn, nítorí ó ṣeé ṣe. Bàbà tó wà nínú wáyà kì í yọ́ àfi kí ooru tó 1,085°C. Wáyà tó bá ṣáná máa ń yọ́ lójú kan ṣoṣo: orí rẹ̀ á di kóró róbótó tó ń dán, nígbà tí bàbà tó tẹ̀ lé e ṣì wà bó ṣe wà. Èyí tí iná láti ìta jó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ ni. Síbẹ̀, kóró nìkan ò tó o, torí iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn lè jó ìbora wáyà tó ní iná nínú, kí òun náà sì ṣáná. Wọn á tún yẹ àpótí fúùsì wò. Fúùsì áḿpì 15 aláwọ̀ búlúù tí ẹnì kan yọ, tó fi 30 aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, tí iná tó pọ̀ jù fi lè gba wáyà kọjá, ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Alámù sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ pé apá ẹ́ńjìnnì ló jó jù, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn onítòkunbọ̀ kì í rántí. Ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò yín, ẹyọ 17 ni, wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà nítorí àbùkù kan. Ní oṣù September 2023, Hyundai àti Kia pe mọ́tò tó tó mílíọ̀nù 3.4 padà níbẹ̀ nítorí àbùkù tó lè gbiná, wọ́n ní kí àwọn èèyàn má gbé e sínú gáréèjì. Toyota ni tiyín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí lọ́yà mẹkáníìkì tó bá yín wò ó.

Ó dá mi lójú pé kò sí rìsíìtì. Ẹ fọkàn balẹ̀, àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì tó fi hàn pé ẹ sanwó fún un, ọ̀rọ̀ WhatsApp, fọ́tò, gbogbo rẹ̀ wúlò, àmọ́ ẹ̀rí tó bá ti inú fóònù wá nílò ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Evidence Act sọ. Lọ́yà yín á kọ ọ́. Ẹ gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn panápaná ìjọba Èkó bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ẹ sì gba ti ọlọ́pàá.

Ìpè tí ẹ pè é nítorí òórùn epo ni mo rò pé ó níye lórí jù lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún un, òun ló mọ iṣẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó lójú méjì: wọ́n lè bi yín ìdí tí ẹ fi ṣì ń wà á nígbà tí ẹ ti gbóòórùn epo, kí adájọ́ sì yọ nínú owó yín. Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀rí pé ó dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ báyìí, kó tó gbàgbé.

Tó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ ló dá nọ́sù padà, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò dáhùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra ohun èlò kan ní Ládípọ̀ tí ẹ gbé fún un, tó sì jẹ́ pé ohun èlò náà ló ní àbùkù, ẹni tó tà á lẹ máa wá lọ. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà wà lẹ́yìn yín, torí ó mú ẹni tó ta ọjà àbùkù, ó sì mú ẹni tí iṣẹ́ tó ṣe fún oníbàárà fa àdánù.

Ti ọlọ́pàá ńkọ́? Rárá o. Police Act ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí gbèsè lásán. Mo ti rí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó wá di pé olùpẹ̀jọ́ gan-an ni wọ́n ń bi léèrè nítorí pé ó ti ẹnì kan mọ́lé. Ẹ kọ lẹ́tà sí mẹkáníìkì, ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tí ẹ ń bèèrè. Ẹ lè kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, tàbí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kọ́ọ̀tù kékeré tí wọ́n ń pè ní Small Claims, tí òpin rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà, gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ló wà fún. Owó gbà-máà-bínú tí adájọ́ ní láti ṣírò kì í ṣe tibẹ̀. Ọdún 6 ni òfin Èkó fún yín láti pẹjọ́, àmọ́ ẹ̀rí ò ní dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀.

Third party yín ò ní san nǹkan kan lórí mọ́tò tiyín. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá kan mọ́tò tàbí ìsọ̀ ẹlòmíràn ní Mile 12, ẹ tètè sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, torí irú ọjọ́ báyìí lẹ ṣe rà á.

Ní ti iye tí ẹ máa bèèrè: iye tí irú mọ́tò náà ń lọ lọ́jà kó tó jó, ẹ yọ iye eegun rẹ̀ kúrò, iye ẹrù tó jó sínú rẹ̀, owó ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ gba iye mọ́tò náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.