Ẹ Bi Wá, À Ń Dáhùn: Sítéńlẹ́ẹ̀sì Tó Ń Dípẹtà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mò ń gbé. Ìbọn ìléwọ́ mi, sítéńlẹ́ẹ̀sì ni gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣú, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Kò pẹ́ rárá tí àmì pupa wínníwínní yọ lára rẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Báwo ni mo ṣe lè dán an tí kò fi ní dípẹtà mọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ayédèrú. Kàn-ìn-kàn-ìn yẹn ló fà á. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ ṣe ń fi ha ìbọn ni ẹ̀rún rẹ̀ ń há sójú sítéńlẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rún yẹn ló sì kọ́kọ́ ń dípẹtà. Bí ẹ bá tètè mú un, kò tíì jẹ ìbọn náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídán ni kì í jẹ́ kí sítéńlẹ́ẹ̀sì dógùn-ún. Krómíọ̀mù inú rẹ̀, irin kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, ni. Ó gbọ́dọ̀ tó ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, òun ló ń pàdé afẹ́fẹ́ tó ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ò lè rí. Dídán wúlò torí pé ojú tó bá jọ̀lọ̀ kì í gba òógùn àti iyọ̀ dúró bíi ti èyí tó rí págunpàgun. Àmọ́ ibi tí ìdọ̀tí irin bá wà, awọ yẹn ò ní bò ó dáadáa, bó ti wù kó máa dán tó.

Ẹ má sì fi ìbọn wé ìkòkò. Ìbọn ló tilẹ̀ bí irin yìí: inú ọ̀pá ìbọn tó ń tètè jẹ ni Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, ń wá oògùn fún ní Sheffield nílẹ̀ England tó fi bá a pàdé lọ́dún 1913. Ìkòkò sábà máa ń jẹ́ oríṣi 304, tó ní krómíọ̀mù ìdá 18 àti níkẹ́ẹ̀lì ìdá 8, ṣùgbọ́n iná ò lè mú un le tó fún iṣẹ́ ìbọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìbọn jẹ́ oríṣi 416: krómíọ̀mù rẹ̀ kò ju ìdá 12 sí 14 lọ, wọ́n sì fi imí-ọjọ́ sí i kó lè rọrùn láti gbẹ́. Ibi tí imí-ọjọ́ yẹn bá hàn síta ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí yín fi lè wà nínú omi mọ́jú tí ìbọn yín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ ti dé. Ẹ kó ọta kúrò, ẹ yẹ gbogbo ihò sílíńdà (ibi roboto tó ń yí, tí ọta ń wọ̀) wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọta kankan má sì wà nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ tú èèkù rẹ̀ àti gbogbo ohun tí kì í ṣe sítéńlẹ́ẹ̀sì: sípíríìngì, àwọn pín-ìnnì dúdú, ohun ìfojúsùn tí wọ́n kùn ní dúdú. Ẹ fi acetone (omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná) nu ọ̀rá kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, tí iná ò sí.

Lẹ́yìn náà, sáńpépà olómi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà 400 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sáńpépà ń jọ̀lọ̀ sí i), kí ẹ lọ sí 600, 800, títí dé 1000 tàbí 1500. Bí ẹ bá fi 400 ha á lóòró, ẹ fi 600 ha á ní ìbú títí gbogbo ojú ìlà ti 400 yóò fi pòórá, kí ẹ tó kọjá síwájú. Ẹni tó bá kánjú níbí yóò rí ìlà jíjìn lábẹ́ dídán, yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kékeré ni kí ẹ wé sáńpépà mọ́. Ìka nìkan máa ń rì sínú ihò síkúrù, á sì sọ etí tó mú di roboto. Bí ẹ bá fẹ́ kó dán bíi dígí, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dán irin parí rẹ̀ lórí aṣọ òwú. Lójú tiwa, ojú tó ní ìlà wẹ́wẹ́ ní apá kan ṣoṣo, tí ẹ dá dúró sí 400, dára fún ìbọn tí ẹ ń lò, torí gbogbo ìhára ló máa ń hàn lójú dígí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ fi ń dán an, ẹ má gbé e sójú kan. Ibi tó bá di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí àwọ̀ búlúù ti gbóná jù, krómíọ̀mù ti dín lábẹ́ àwọ̀ yẹn, àfi kí ẹ fi sáńpépà ha á kúrò. Aṣọ ẹ̀rọ tó ti kan irin lásán rí kò gbọ́dọ̀ kan sítéńlẹ́ẹ̀sì.

Ẹ má fọwọ́ kan inú ọ̀pá, inú àwọn ihò sílíńdà, àti ibi tí òòlù ìbọn ti ń há mọ́ ohun tí ìka ń fà. Bí ibi ìhámọ́ra yẹn bá jẹ díẹ̀, ìbọn lè yìn fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ha á rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka pípa á rẹ́ sí ọ̀ràn.

Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fò ló kù, òun gan-an ló ń dá ìpẹtà dúró. Ẹ po gíráàmù 50 citric acid (ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́) mọ́ gíráàmù 950 omi mímọ́ nínú abọ́ gíláàsì tàbí ike tó lè gba omi gbígbóná. Kó gbóná tó 55 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ rì àwọn ẹ̀yà sítéńlẹ́ẹ̀sì nìkan sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Yóò jẹ ẹ̀rún irin tó há sójú rẹ̀, kò sì ní jẹ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Ẹ ṣàn án, ẹ rì í sínú omi tí ẹ po baking soda mọ́, torí ásíìdì máa ń fara pamọ́ sínú ihò wínníwínní ti 416, ẹ tún ṣàn án, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ mú un gbẹ. Bó bá ṣú bí eérú, ọ̀rá ṣẹ́kù lára rẹ̀ tàbí omi náà dọ̀tí: ẹ tún un dán, kí ẹ po tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, bílíìsì ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Klórínì inú rẹ̀ máa ń gún awọ krómíọ̀mù yẹn níhò.

Ẹ fi aṣọ tútù bò ó mọ́jú. Bí àmì pupa bá yọ, ẹ tún un rì. Bí kò bá yọ, ẹ fi ọ́ìlì ìbọn fẹ́lẹ́ sí àwọn ibi tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wáàsì kun ìta. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ. Awọ máa ń mu òógùn, ó sì máa ń gbà á dúró.

Ìbéèrè: Ọdẹ ni mí, lágbègbè Ṣakí. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣakabùlà mi?

Ìdáhùn: Rárá o, bàbá. Irin lásán ni ọ̀pá ṣakabùlà, kò ní krómíọ̀mù tí yóò bò ó, ásíìdì yẹn yóò sì jẹ ẹ́. Ẹ̀tù ni ọ̀tá tiyín: eérú rẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú ọ̀pá. Lẹ́yìn tí ó bá dá yín lójú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun pa á. Èyí tí wọ́n ti tú kúrò nínú mọ́tò ní ásíìdì nínú. Epo pupa àti àdín náà máa ń kan, wọ́n sì máa ń lẹ̀.

Ìbéèrè: Rélìn sítéńlẹ́ẹ̀sì báńkónì mi ní Lẹ́kí ti ń yọ pupa níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Wẹ́dà ní mágínẹ́ẹ̀tì ò mú un, pé ojúlówó ni.

Ìdáhùn: Mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú oríṣi 201 tó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà mú 304 tàbí 316, nítorí náà kò fi ojúlówó hàn. Létí òkun, 316 ló yẹ, torí mọlibídínọ́ọ̀mù, irin míì tí wọ́n pò mọ́ ọn ní ìdá 2 sí 3, ló ń bá iyọ̀ jà. Ní ti ojú ìjópọ̀, kí wẹ́dà fi díìsìkì tuntun tí kò kan irin lásán rí ha àwọ̀ iná kúrò, kó dán an, kó fi citric acid kun ún, kó sì ṣàn án dáadáa. Bó bá fẹ́ lo ọ̀dà ásíìdì àwọn wẹ́dà dípò rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú. Hydrofluoric acid inú rẹ̀ máa ń wọ ara dé egungun. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ rélìn náà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kì í bá yín fọ̀ ọ́.