Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé àti Síkánà Wo Ló Yẹ Ilé Ìwòsàn Eyín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Dókítà eyín ni mí, mo ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní àga ìtọ́jú méjì ní Bódìjà, ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí à ń lò, irú èyí tó ń lo íńkì, ti dẹnu kọlẹ̀, a sì fẹ́ ra ọ̀kan tí yóò máa tẹ̀wé, tí yóò máa ṣe ẹ̀dà, tí yóò sì máa síkáàn. Káàdì àwọn aláìsàn láti ọdún pípẹ́ ti kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, a fẹ́ kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwọn fíìmù X-ray eyín tó wà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Queen Cinema ní kí a ra èyí tó ń tẹ ojú ìwé 40 ní ìṣẹ́jú kan, ó ní kò sí èyí tó tó o. Inverter la fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a rà?
— Dókítà eyín kan, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aráàlú. Ojú ìwé 40 ní ìṣẹ́jú kan dùn-ún gbọ́ létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Ilé ìwòsàn alága méjì kì í tẹ ìwé rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan. Rìsíìtì ni, ìwé oògùn ni, lẹ́tà tí ẹ fi ń darí aláìsàn sí UCH ni, tàbí fọ́ọ̀mù àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera. Ojú ìwé kan, bí ó pọ̀ tán, méjì. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣe ń tètè jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sinmi ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye tó lè tẹ̀ nígbà tó bá ti gbóná. Síkáàn ni iṣẹ́ tó wúwo lọ́wọ́ yín, nítorí náà, apá síkánà ni kí ẹ fi yan ẹ̀rọ, kí ìtẹ̀wé sì tẹ̀lé e.

Ẹ wo òkè ẹ̀rọ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan ní gíláàsì nìkan, tí ẹ ó máa ṣí ìdérí rẹ̀, tí ẹ ó gbé ìwé kan lé e, tí ẹ ó tún pa á dé. Ẹni tó bá fi irú èyí síkáàn káàdì inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò pa iṣẹ́ náà tì kí ó tó dé ìdajì. Àwọn mìíràn ní àtẹ lókè tó ń fa ìwé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ADF. Ṣùgbọ́n ADF kò dọ́gba. Òmíràn ń ka ojú kan ṣoṣo. Òmíràn á ka iwájú, á yí ìwé náà padà nínú ikùn rẹ̀, á wá ka ẹ̀yìn. Èyí tó dára jù lọ ń ka iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ nígbà kan náà tí ìwé bá ń kọjá. Bí àkọsílẹ̀ bá wà ní iwájú àti ẹ̀yìn káàdì yín, tí bébà rẹ̀ sì ti gbó, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ béèrè, torí pé ìwé tó bá ń yí padà nínú ẹ̀rọ ló sábà máa ń há, òun náà ló sì máa ń ya.

Páálí líle tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn káàdì kò ní gba inú ADF kọjá lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré. Orí gíláàsì ni tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò méjèèjì lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Gbogbo pínnì ni kí ẹ yọ kúrò kí ìwé tó wọlé, nítorí pínnì kan tó bá ha gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ADF yóò máa fa ilà kan gbọọrọ sára gbogbo ìwé tí ẹ bá síkáàn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú bébà bí ogún lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ fi ṣe káàdì yín gan-an, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti ká létí, kí ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì fi ADF rẹ̀ síkáàn bébà náà níṣojú yín. Ẹ má ṣe mú káàdì aláìsàn gidi lọ sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.

Wọn yóò tún sọ fún yín pé síkánà náà lè ka 1200 dpi (ìyẹn iye àmì kéékèèké tó ń kà nínú ínṣì kan) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 300 dpi tó fún ìwé àfọwọ́kọ. Ní 300 dpi pàápàá, ojú ìwé A4 aláwọ̀ mèremère kan tó bíi megabyte 26 kí wọ́n tó fún un pọ̀ sínú PDF, ẹ wá ro bí yóò ti rí bí ẹ bá gbé e lọ sí ìlọ́po mẹ́rin: ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni ìwọ̀n fáìlì yóò jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ ni àwọ̀. Bí àwọn dókítà yín bá ń fi báírò pupa àti búlúù sàmì sí àwòrán eyín lórí káàdì, láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ àti èyí tí ẹ ṣì fẹ́ ṣe, síkáàn aláwọ̀ dúdú àti funfun yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan náà, ìtumọ̀ káàdì á sì ti bọ́ sọnù. Ẹ síkáàn wọn ní aláwọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi dúdú nìkan tẹ̀wé sábà máa ń lè síkáàn ní aláwọ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ ra èyí tó ń tẹ àwọ̀ jáde.

Ní ti fíìmù X-ray, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí pátápátá. Síkánà ìwé ń tan iná sí ojú ìwé, ó sì ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ta padà. Fíìmù X-ray ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí àwòrán tó hàn. Bí ẹ bá gbé fíìmù kékeré tó jẹ́ mìlímítà 31 sí 41 yẹn lé gíláàsì lásán, òjìji dúdú ni ẹ ó rí. Síkánà tó ní iná nínú ìdérí rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò fi ń síkáàn fíìmù, ló lè ṣe é, irú bíi Epson Perfection V600. Àwọn X-ray tuntun tí ẹ ń yà sórí kọ̀ǹpútà kò sì nílò bébà: orí ojú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti máa wò wọ́n, nítorí bébà lásán kì í gbé ìyàtọ̀ dúdú àti eérú jáde tó èyí tí dókítà fi ń rí ihò kékeré lára eyín.

Ọ̀rọ̀ wá kan iná, èyí tí olùtajà yín kò sọ rárá. Ẹ̀rọ lésà, èyí tó ń lo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tónà dípò íńkì, ń fi ooru tó bíi 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius yọ́ tónà mọ́ bébà, nígbà tó bá sì ń gbóná, iná tó ń fà lè ju wáàtì 1,000 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Inverter kékeré yóò ké, yóò sì paná, àfi bóyá tí kò bá gbé nǹkan mìíràn. Àga ìtọ́jú àti kọ̀ǹpútà yín á sì bá a lọ. Bákan náà, ẹ má ṣe so lésà mọ́ UPS, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ. Ẹ̀rọ tó ń lo íńkì kò gba iná púpọ̀, gílóòbù iná àtijọ́ kan tiẹ̀ ń jẹ iná jù ú lọ. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, íńkì á gbẹ mọ́ ẹnu ihò tó ń tú u jáde. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ ohun tó pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Tónà kì í gbẹ, nítorí ìyẹ̀fun ni.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ bi ẹni tó ṣe inverter yín bóyá ó lè gbé wáàtì 1,500 lójijì lórí ẹrù tó ti wà lórí rẹ̀. Bó bá lè gbé e, ẹ ra lésà aláwọ̀ dúdú tó ní ADF tó ń ka ojú méjì pọ̀. Bí kò bá lè gbé e, ẹ ra ẹ̀rọ oníńkì tó ní táńkì tí wọ́n ń rọ íńkì sí, irú bíi EcoTank ti Epson tàbí Smart Tank ti HP, kí ẹ máa tẹ ojú ìwé aláwọ̀ kan jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì wá síkánà ìwé ọ̀tọ̀ ra. Èmi kò ka ẹ̀rọ méjì sí ìnákúnàá, torí pé bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ẹ tó gbà lórí iye owó, ẹ béèrè iye tónà. Tónà tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí kì í sábà kún bíi ti èyí tí ẹ ó rà lẹ́yìn náà, iye ojú ìwé tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì jẹ́ ti ìwé tí íńkì bo bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó kún fún ìlà àti àpótí yóò jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn ẹ̀rọ bíi Brother, ọ̀tọ̀ ni tónà, ọ̀tọ̀ ni dọ́rọ́ọ̀mù (ìyẹn rólà tó ń gbé tónà sórí bébà), méjèèjì ni ẹ ó sì máa pààrọ̀ nígbà tirẹ̀.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ti pàṣẹ àṣírí aláìsàn ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, inú fólídà kan lórí kọ̀ǹpútà yín ni kí síkánà máa kó ìwé sí, kì í ṣe WhatsApp ẹni tó jókòó níwájú. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá padà ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Ibi tí àwọn aláìsàn kò ti lè ka ìwé tó bá jáde ni kí ẹ gbé e sí, kí ó má sì wọ yàrá ìtọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìbọ̀wọ́ tó ti kan ẹnu aláìsàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì ilé ìwòsàn eyín tí ọ̀gá mi ní ní Challenge. Wọ́n fẹ́ ta ẹ̀rọ ńlá tòkunbọ̀ kan fún wa, láti Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ kò sì tó ti tuntun kékeré. Ṣé kí a rà á?
— Akọ̀wé, Challenge

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn. Lésà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti fóólì 110 sí 127, bí ẹ bá sì kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230, ẹ̀ka tó ń mú un gbóná lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè ra ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gbé e, owó ìyẹn á sì jẹ nínú èrè yín. Tónà náà lè jẹ́ ìṣòro, nítorí àwọn iléeṣẹ́ kan ti dè é mọ́ agbègbè tí wọ́n ti tà á, ti ibí lè má bá a mu.

Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ gan-an, ọ̀nà tó ń gbà kó ìwé sínú fólídà lè jẹ́ SMB1, ìlànà àtijọ́ tí kò láàbò mọ́, èyí tí Windows 10 àti 11 ti tì pa, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣí i padà nítorí ẹ̀rọ kan. Bó bá sì jẹ́ ímeèlì ti Google ni ẹ fẹ́ fi gbà á, láti ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ aṣínà lásán kò ti ṣiṣẹ́ mọ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gba ọ̀rọ̀ aṣínà àrà ọ̀tọ̀ láti inú àkántì náà.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ tún ní díìsìkì nínú tó ń tọ́jú ohun tó ti síkáàn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, kí olùtajà kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì yẹn rẹ́ níṣojú yín, kí ó sì fi í síkáàn ojú ìwé mẹ́wàá sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fúnra yín gbé lọ.